Ẹ Yé Sọ Fún Wa Pé Ká Ra Tuntun

Gbólóhùn mẹ́ta ló ń sọ wá di òtòṣì nílẹ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni "Ó ti bàjẹ́." Èkejì ni "Kò ṣeé tún ṣe mọ́." Ẹ̀kẹta ni "Ẹ ra tuntun." Fáànù ń pariwo, ẹ ra tuntun. Ẹ̀rọ ìlọta dákẹ́, ẹ ra tuntun. Ẹnu ẹ̀rọ omi ń kán tó-tó-tó nílé ìdáná, ẹ ra tuntun. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tó ń sọ ọ́ kò tíì tú nǹkan náà wò o. Kò tíì mú sípánà lọ́wọ́ rárá. Ó kàn wò ó lókèèrè ni, ó sì dájọ́ ikú fún un.

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá jà lónìí, ẹnu ẹ̀rọ omi ni mo sì máa fi bá a jà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín: pẹ̀lú gbogbo wàhálà tó wà nílẹ̀ yìí, ẹnu ẹ̀rọ lẹ wá ń sọ? Ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju òje lọ.

Ní Òkè-Ọdẹ, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara, omi kì í ṣe ohun àwàdà. Orí àpáta ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ìgbómìnà jókòó lé. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, omi inú kànga a máa fà sẹ́yìn, àwọn mìíràn a sì gbẹ pátápátá. Ẹni tó bá ní táńkì lórí òpó, tó ní síńkì, tí ẹnu ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń yọ omi, ó mọ̀ pé Ọlọ́run ṣe é fún òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀rọ ṣeré.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin ní irú rẹ̀ kan níbẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ránṣẹ́ nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi, ó sì ti lo ogún ọdún dáadáa. Ẹnu ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ kan ni, ọrùn rẹ̀ gùn, ẹnu kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní ọ̀pá rọ́bà nídìí. Ẹ ó fà á jáde bí ẹni fa ejò nínú ihò, ẹ ó tẹ etí rẹ̀, á sì máa fọ́n omi. Màmá fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Òun ló fi ń ṣan ẹ̀fọ́, òun ló fi ń fọ ìkòkò ọbẹ̀ tó bá jóná. Ṣùgbọ́n àìsàn méjì wá bá a. Ọrùn gígùn bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi tọ̀sán-tòru, ẹnu ìfọ́n náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí arúgbó tó ń tutọ́.

Wọ́n pe pulọ́mbà. Ọmọ náà dé, ó wò ó, ó mi orí.

"Màmá, irú èyí ti kọjá lọ. Kò sí nǹkan rẹ̀ ní Nàìjíríà mọ́. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́ dànù, ká fi tuntun sí i."

"Ìwọ ọmọ yìí, o ti tú u wò?"

"Màmá, èmi ti rí irú ẹ̀ rí."

"Mo ní ṣé o ti tú u wò?"

Kò tíì tú u wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí lójú fóònù yín, ẹ fi ìbéèrè màmá yẹn sápò. Ẹ máa nílò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò nígbà náà. Nínú ara ẹnu ẹ̀rọ irú èyí, fáàfù kékeré kan wà tí kò tó ìka ọmọdé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa darí omi, bí ọlọ́pàá tó dúró sí oríta. Bí ẹ kò bá tẹ ẹnu ìfọ́n, omi á gba ọrùn gígùn jáde. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, agbára omi tó wà nínú ọ̀pá rọ́bà á dínkù lójijì, fáàfù náà á sún, á dí ọ̀nà ọrùn gígùn, omi á sì yà sọ́dọ̀ ẹnu ìfọ́n. Kò lo iná, kò lo bátìrì. Omi fúnra rẹ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn, òun náà ló ń ṣí i.

Nítorí náà, bí ẹnu ìfọ́n kò bá lágbára mọ́, ibi mẹ́rin péré la ti máa wá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bóyá iyanrìn àti èépá funfun tí omi ń fi sílẹ̀ ló dí ihò ẹnu ìfọ́n. Bóyá ọ̀pá rọ́bà ló ká kò lábẹ́ síńkì. Bóyá fáàfù ló dọ̀tí tàbí tó ti jẹ. Tàbí kó jẹ́ pé omi fúnra rẹ̀ ni kò lágbára láti orísun wá.

A yọ ẹnu ìfọ́n kúrò lórí ọ̀pá rọ́bà, a ki ọ̀pá náà bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ṣí omi. Omi tú jáde ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ti jẹ́wọ́ nìyẹn: ẹnu ìfọ́n ló dí. A rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ mọ́jú, a wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ ihò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà a ti omi táńkì pa, a ṣí ẹnu ẹ̀rọ kí omi tó kù nínú páìpù lè dànù, a fi àkísà dí ihò síńkì kí ìdè kankan má baà jábọ́ wọlé. A tú ọwọ́ rẹ̀, a yí ọrùn gígùn kúrò, a yọ fáàfù. Iyanrìn ló bò ó. A fọ̀ ọ́, a dá a padà. Ní ti omi tó ń kán, bọ́ọ̀lù kékeré tó wà lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀rọ náà ṣì ń dán. Rọ́bà méjì tó jókòó lé ló ti jẹ, sípíríǹgì tó ń tì wọ́n sókè sì ti rọ̀. A mú wọn dání lọ sí Ìlọrin, a ń fi wọ́n wé ti àwọn tó ń ta nǹkan páìpù, títí a fi rí èyí tó bá wọn dọ́gba. Owó rẹ̀ kò tó owó búrẹ́dì ńlá kan.

Ẹ gbọ́ o, "kò sí nǹkan rẹ̀ mọ́" ni wọ́n wí. Irú ẹnu ẹ̀rọ oníbọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀, láti 1954 ni ilé iṣẹ́ Delta ti ń tà á ní Amẹ́ríkà, títí di òní ni wọ́n sì ń ta rọ́bà àti sípíríǹgì rẹ̀. Ohun tí kò sí ni ẹni tó máa béèrè.

Ọ̀rọ̀ ibi kẹrin yẹn tún kù, òun ló sì dùn mí jù, torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ ẹnu ẹ̀rọ láìṣẹ̀. Omi tó bá ga ní mítà mẹ́wàá ló ń ní agbára tí àwọn oníṣẹ́ omi ń pè ní báà kan. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ẹnu ìfọ́n yìí, omi ìjọba a máa wọlé pẹ̀lú báà mẹ́ta sí mẹ́rin, bí ẹni pé táńkì wà lórí òpó tó ga ní ọgbọ̀n mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Táńkì wa ńkọ́? Mítà mẹ́ta péré lórí òpó! Ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára yẹn la ní. Nítorí náà, bí ẹnu ìfọ́n kò bá fọ́n bíi ti Houston, òpó táńkì lẹ máa bá wí. Ṣùgbọ́n "ẹnu ẹ̀rọ ti bàjẹ́" ló rọrùn láti sọ. Ti màmá ń fọ́n báyìí. Kò lágbára bíi ti òkè òkun, ṣùgbọ́n ó tó ṣan ewédú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò omi tó ń kán náà. Ká ní ẹ̀kán kan ló ń bọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kán 86,400 nìyẹn lójúmọ́. Nǹkan bí 4,000 ẹ̀kán ló ń kún lítà kan. Ẹ pín in: lítà 21 àti ààbọ̀ lójoojúmọ́, kẹ́ẹ̀gì ńlá kan tó kún dé ẹnu. Lọ́dún kan, ó sún mọ́ lítà 7,900. Ní ìlú tí ọmọdé ti ń ru kẹ́ẹ̀gì lórí kó tó lọ sílé ìwé, rọ́bà tí kò tó èékánná ń da kẹ́ẹ̀gì kan nù lójúmọ́, a sì ń pè é ní ọ̀rọ̀ kékeré. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tó yẹ kí inú bí wa sí jù ni pé wọ́n ti ṣe ẹnu ẹ̀rọ kí ó lè ṣeé tún ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní 1845, ní ìlú Rotherham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gba ìwé àṣẹ fún ẹnu ẹ̀rọ tí a ń yí, tó ń ti wọ́ṣà mọ́ ojú ihò títí omi á fi dá. Àwọn tó ṣe é mọ̀ dájú pé wọ́ṣà á jẹ. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí wọ́n fi ṣe é ní ohun tó rọ̀, tó sì pọ́ọ́kú: kí òun lè máa jẹ, kí idẹ lè máa wà. Ẹni tó bá ju idẹ nù nítorí wọ́ṣà, bí ẹni tó ta mọ́tò nítorí táyà rẹ̀ fọ́ ló rí.

Ó yẹ ká jáde kúrò nílé ìdáná báyìí, torí àìsàn kan náà ló ń pa ìlú. Ẹ rìn káàkiri abúlé wa, ẹ ó rí pọ́ńpù àfọwọ́tẹ̀ tí ewúrẹ́ ń sùn sí nídìí. Ọ̀kan nínú irú tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà ni India Mark II, tí wọ́n ṣe ní Íńdíà láàrin ọdún 1970 sí 1980 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF. Irin tó le ni, ó lè lo ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ kànga, nínú sílíńdà rẹ̀, rọ́bà kan wà tó rí bí ife kékeré. Òun ló ń gbá omi mú kí ó má baà padà sílẹ̀ nígbà tí a bá ń tẹ ọwọ́ pọ́ńpù. Rọ́bà yẹn á jẹ, bí ti màmá ṣe jẹ. Bó bá ti jẹ, èèyàn á tẹ ọwọ́ pọ́ńpù títí apá á fi ro ó, omi ò ní jáde. Kí ni ìlú á sọ? "Kànga ti gbẹ." Kànga ò gbẹ. Rọ́bà ló jẹ.

Àwọn tó ṣe pọ́ńpù náà mọ̀. Láti yí rọ́bà Mark II, èèyàn gbọ́dọ̀ fa gbogbo páìpù rẹ̀ sókè, iṣẹ́ alágbára ọkùnrin ni. Torí ìyẹn ni wọ́n fi ṣe Mark III, tí a lè fa nǹkan inú rẹ̀ gba àárín páìpù jáde láìfa páìpù fúnra rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tilẹ̀ ya ọdún 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi mímu, ọ̀kan nínú ẹ̀kọ́ tó sì jáde nínú ọdún mẹ́wàá náà ni pé pọ́ńpù tí ará abúlé kò bá lè tún ṣe fúnra wọn, pọ́ńpù àlejò ni. Ọjọ́ kan ló máa lọ.

Àwa ńkọ́? Wọ́n dá DFRRI sílẹ̀ ní 1986 láti mú ọ̀nà àti omi dé ìgbèríko. Ní oṣù kọkànlá 2018, Ààrẹ kéde pé ọ̀rọ̀ omi àti ìmọ́tótó ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Láàrin ìgbà méjèèjì, àti títí di òní, gbígbẹ́ tuntun ni olóṣèlú fẹ́ràn. Ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. A máa ń gé rìbọ́nì níwájú bọ́hòlù tuntun. A máa ń kọ orúkọ ọ̀gá sí i lára gàdàgbà. Ta ló máa gé rìbọ́nì níwájú rọ́bà? Ta ló máa kọ "Ẹ̀bùn láti ọwọ́ Honourable" sára wọ́ṣà? Torí náà, wọ́n á gbẹ́ tuntun sí ìwọ̀n ogún ẹsẹ̀ sí èyí tó dákẹ́, a ó pàtẹ́wọ́, a ó jó, a ó ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ rọ́bà tuntun náà á jẹ, ewúrẹ́ á sì ní ibùsùn kejì.

Mo ti gbọ́ àwáwí tí àwọn èèyàn ń ṣe. Wọ́n ní àkókò kò sí. Ó dáa, wákàtí mélòó lẹ fi ń lọ sọ́jà, tí ẹ fi ń ná ọjà, tí ẹ fi ń dúró de pulọ́mbà kó wá so tuntun? Wọ́n ní tuntun ò wọ́n. Òótọ́ ni, èyí tí a kùn bíi fàdákà, tó jẹ́ ike nínú, kò wọ́n. Ẹ ó sì tún rà á lọ́dún tó ń bọ̀. Àwọn kan ní ìwà òtòṣì ni àtúnṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ní Yúróòpù, níbi tówó wà, wọ́n ṣòfin ní 2024 tó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ pé kí ilé iṣẹ́ tún àwọn ẹ̀rọ ilé kan ṣe fún un. Ohun tí olówó ń fi òfin jà fún, àwa là ń pè ní ìwà òtòṣì.

Àwáwí kan wà tí mo gbà. Àwọn nǹkan mìíràn wà tó yẹ ká jù nù lóòótọ́. Bí ara ẹnu ẹ̀rọ bá ti sán, rọ́bà kò lè wò ó sàn. Òjé sì lè wà nínú idẹ ẹnu ẹ̀rọ àtijọ́. Òfin Amẹ́ríkà kò dín in kù dé bó ṣe wà báyìí àfi láti oṣù kìíní 2014. Nítorí náà, bí ẹnu ẹ̀rọ yín bá ti pẹ́, ẹ jẹ́ kí omi tó sùn nínú rẹ̀ mọ́jú kọ́kọ́ ṣàn lọ kí ẹ tó bu èyí tí ẹ máa mu, ẹ má sì fún ọmọ ọwọ́ ní omi rẹ̀ mu. Bí agbára bá wà láti pààrọ̀ rẹ̀ nítorí èyí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ìdí gidi nìyẹn, nítorí ẹ ti wò ó, ẹ sì ti mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ń jù ú nù láìwò ó ni mo ń bá wí.

Ẹ má sì ṣe sọ pé mo ń bú pulọ́mbà. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ. Àwa la kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Bó bá so tuntun, a ó sanwó iṣẹ́ fún un láìjanpata. Bó bá fi wákàtí méjì wá ìdí tí omi fi ń kán, tó sì fi rọ́bà kékeré kan wò ó sàn, a ó ní: "Ṣé rọ́bà lásán lo fi gba gbogbo owó yìí?" Ọgbọ́n tó fi mọ rọ́bà tó yẹ kó yí, a ò kà á sí iṣẹ́. Bí a bá ń sanwó fún ìjùnù, tí a ń jìjàdù lórí àtúnṣe, kí la rò pé oníṣẹ́ máa yàn?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé àṣà wa kọ́ ni. Nílẹ̀ Ìgbómìnà yìí kan náà, ní Èsìẹ́, ère òkúta wà tó lé ní 800. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kán lọ́rùn, apá àwọn mìíràn ti já. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n lọ gbẹ́ tuntun. Wọ́n ṣà wọ́n jọ, wọ́n sì kọ́lé fún wọn ní 1945, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ẹ̀kú eégún ìdílé: bó bá gbó, wọ́n á fi aṣọ tuntun lé ti àtijọ́. Ẹ bi àwọn ìyá wa àgbà bí wọ́n ṣe ń rán igbá tó bá sán, tí á sì tún gba omi. Àwọn tó bí wa kò ju nǹkan nù kí wọ́n tó wò ó. Ọwọ́ wa ni àṣà yẹn ti ń bọ́.

Ohun tí mo ń fẹ́ kò pọ̀. Kí sípánà kan àti tépù funfun wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan, bí abẹ́rẹ́ àti òwú ṣe máa ń wà. Kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò ijó lórí YouTube fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wo bí wọ́n ṣe ń yí wọ́ṣà, ẹ̀yin obìnrin pẹ̀lú, torí ẹ̀yin ni omi kọ́kọ́ ń ṣẹ́ lójú agbada. Kí a máa sanwó àtúnṣe bó ṣe yẹ. Bí olóṣèlú bá sì dé Òkè-Ọdẹ tàbí ìlú yín, tó ní òun fẹ́ gbẹ́ bọ́hòlù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í pé: àwọn tó dákẹ́ ńkọ́? Rọ́bà ọdún márùn-ún dà? Irinṣẹ́ tí a ó fi tú u dà? Àwọn méjì wo nínú ọmọ ìlú lẹ máa kọ́ ní iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gé rìbọ́nì? Bí kò bá ní ìdáhùn, ewúrẹ́ ló gbẹ́ ẹ fún.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹni tí kò lè yí rọ́bà ẹnu ẹ̀rọ tirẹ̀ á máa jókòó de omi ẹlòmíràn títí láé. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá tún wí fún yín pé kò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ má tíì na ọwọ́ sí àpò owó. Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n: "Ẹ ti tú u wò?"